Sìmẹ́ńtì Tí Mo Gbọ́ Nínú Rédíò

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ mi, ìyá rẹ àti àwọn àbúrò ẹ̀, ti jókòó sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọ́n máa sin mí sí. Wọ́n ní ilé ni, l'Ọ̀wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Wọn ò bi mí. Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn ló máa ń bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ rí. Ó kéré nígbà tó ṣẹlẹ̀, nígbà tó sì dàgbà, ẹnu mi ò gbé e mọ́.

Abà tí à ń gbé nígbà yẹn wà lẹ́yìn Elegbeka, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Kòkó la ń ṣe níbẹ̀, àti iṣu, àti ẹ̀gẹ́. Odò kan wà láàárín àwa àti ọ̀nà mọ́tò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ á là á kọjá, omi ò ní kàn án níkùn. Bí òjò bá dé, odò yẹn á di nǹkan mìíràn. Bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló tẹ́ afárá sórí ẹ̀ kí n tó gbọ́n. Ìtì ìrókò mẹ́rin ni, wọ́n tẹ́ ẹ láti orí àpáta ìhín dé orí àpáta ọ̀hún, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí àárín wọn. Ibi tí àpáta méjèèjì ti kọjú síra wọn yẹn nìkan ni odò náà ti fún. Kò síbòmíràn téèyàn lè gbé afárá lé.

Ìyá mi, Yèyé là ń pè é, òun ló dáná fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ. Bí a bá ń gba ibẹ̀ lọ sílé, á fẹsẹ̀ tẹ ìtì kejì, á ní, "Èyí, èjìká bàbá rẹ ló gbé e wá." Lójoojúmọ́. Ó máa ń sú mi nígbà yẹn.

Oko kì í ṣe ilé. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n, torí ìgboro ni wọ́n bí ọ sí. Bó ti wù kéèyàn pẹ́ lóko tó, bó bá kú, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwa ará Ọ̀ghọ̀ kì í fi òkú wa sílẹ̀ sínú igbó bí ẹni tí ò lẹ́nìkan. Mo mọ̀ pé Ọ̀wọ̀ lo máa kọ síbẹ̀. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èmi Ọ̀ghọ̀ ni mo pè.

Nígbà tí bàbá mi kú, a gbé e kọjá afárá yẹn, a gbé e délé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Yèyé wá ń gbé lọ́dọ̀ mi lóko. Lọ́jọ́ kan, à ń fọ́ kòkó, ó ní, "Má sin mí sóko o."

Mo ní, "Yèyé, ẹ ò ní tíì kú."

Ó ní, "Ṣé ìgbà tí màá kú ni mo bi ọ́? Ibi tí màá sùn ni mò ń wí. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni."

Mo ní mo gbọ́.

"O gbọ́ kọ́. Sọ ọ́ jáde."

Mo ní, "Mi ò ní sin yín sóko, Yèyé."

Ó mú ọ̀bẹ ẹ̀, ó ń fọ́ kòkó ẹ̀ lọ. Ó tán síbẹ̀.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni. Nígbà tí wọ́n ń wá ìbò, ọkùnrin kan wá sí abà wa pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Bó ṣe gun afárá, yẹ̀pẹ̀ já lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó ní òun máa fi sìmẹ́ńtì ṣe afárá náà fún wa. Ó ní, "Ẹ ṣáà ti palẹ̀ mọ́ dè wá. Abà tó bá ti wà ní sẹpẹ́ la máa kọ́kọ́ gbé sìmẹ́ńtì lọ." Mi ò rí i mọ́ láyé mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò kúrò létí mi.

Ṣé o rí i, nígbà ológun, kò sí ibi tí wọn ò ti gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi tó ru sìmẹ́ńtì kún etí òkun l'Ékòó débi pé wọn ò ráyè sọ ẹrù. Wọ́n ní òmíràn tiẹ̀ ti dì sínú ọkọ̀. Nítorí náà, bí a bá ti gbọ́ ìjọba, tí a gbọ́ Èkó, tí a gbọ́ owó ńlá, sìmẹ́ńtì ló ń sọ sí àwa lọ́kàn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo gbé ṣòkòtò lọ lẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Elegbeka. Mùsùlùmí ni, ọmọ àárín ìgboro Ọ̀wọ̀, ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Rédíò ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. Òyìnbó ló ń sọ. Mi ò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n etí mi máa ń ṣa ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń ṣa kòkó tó já sílẹ̀. Mo ṣa "gọ́fúmẹ́ńtì". Mo ṣa "mílíọ̀nù", ó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Mo ṣa "Lágọ́ọ̀sì". Mo wá ṣa "sìmẹ́ńtì".

Ohun tí mo gbọ́ ni mò ń sọ fún ọ yìí. Kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ.

Télọ̀ pòṣé. "Gbogbo owó yẹn? Lórí sìmẹ́ńtì lásán?"

Awakọ̀ kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ṣòkòtò ẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀? Àlejò ńláńlá ń bọ̀. Ṣé kí wọ́n dé kí wọ́n má ríbi sùn? Ilé ni wọ́n ń kọ́ fún wọn. Gbogbo ayé ló ń wò wá."

"Ta ni wọ́n ń wò? Èkó ni wọ́n ń wò. Ta ló ń wo Elegbeka? Ẹ̀rọ omi tó wà níwájú ibí yìí, ìgbà wo ló yọ omi gbẹ̀yìn?"

"Ìwọ ṣáà fẹ́ràn ìráhùn. Ìjọba ò lè fi gbogbo ọjọ́ ayé ṣe ẹ̀rọ omi. Nígbà mìíràn èèyàn á wọṣọ tó dáa jáde."

"Ó wọṣọ tó dáa, ọmọ ẹ̀ wà níhòòhò nílé!"

"Télọ̀, rán ṣòkòtò mi. Tó o bá ń bá ìjọba jà lórí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ kan á gùn ju èkejì lọ, mi ò sì ní san kọ́bọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló bá ohun tó wà lọ́kàn mi mu. Ilé ni wọ́n ń kọ́. Kí ni wọ́n fi ń kọ́lé? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ. Mo ní, "Ṣé ó máa kàn wá lóko báyìí?"

Awakọ̀ yẹn wò mí, ó fọwọ́ lu itan. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń bọ̀! Ẹ lọ tẹ́ ẹní dè é!"

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo gba ṣòkòtò mi. Mo sì lọ tẹ́ ẹní dè é.

Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, mo sọ ọ́ dé abà lọ́jọ́ yẹn. Olórí abà wa pe gbogbo wa jọ sábẹ́ igi, ó pa obì. Mo ní mo gbọ́ ọ nínú rédíò pẹ̀lú etí mi méjèèjì pé ìjọba ti yọ owó sìmẹ́ńtì jáde. Mo rán wọn létí ohun tí ọkùnrin oníbàtà yẹn sọ: abà tó bá wà ní sẹpẹ́. Mo ní ojú kan ṣoṣo ló wà tí afárá lè jókòó sí, ìtì mẹ́rin yẹn ló wà lójú ibẹ̀. Bí àwọn bíríkìlà bá dé tí wọ́n bá ìtì níbẹ̀, wọ́n á kọjá sí abà tó kàn. Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò nígbà tí odò ṣì gbẹ.

Ó dára létí wọn. Ẹnu mi ni ó ti dára, mo mọ̀ ọ́n. Ó dùn mọ́ mi.

Yèyé ló kọ̀. Ó jókòó lẹ́yìn àwọn obìnrin, ó ní, "Ẹni tó fẹ́ gba aṣọ tuntun, ṣé ìhòòhò ló fi ń dúró de télọ̀?"

Olórí abà ní, "Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ló gbọ́ ọ."

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ dáadáa?"

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ dáadáa, Yèyé."

Lọ́jọ́ tí a so okùn mọ́ ìtì àkọ́kọ́, tíṣà kan bá wa níbẹ̀. Ará Àkókó ni, ó ń kọ́ ọmọ ní Elegbeka, ọ̀dọ̀ wa ló sì ti máa ń ra iṣu lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tì. Ó bi wá pé kí là ń ṣe. A sọ fún un.

Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ dúró. Kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Sọ́mìtì ni wọ́n sọ."

Mo ní, "Ohun tí mo gbọ́ náà nìyẹn."

Ó ní, "Rárá, bàbá. Sọ́mìtì. Ìpàdé ni. Àwọn olórí ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú fẹ́ wá ṣèpàdé l'Ékòó. Owó ìpàdé ni wọ́n ń jà lé lórí, ó wà nínú ìwé ìròyìn. Àwọn kan ní ó pọ̀ jù, àwọn kan ní ó tọ́." Ó mú igi, ó kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yanrìn. Ó ní, "Ẹ wò ó, ṣé wọ́n jọra?"

A wò ó. Lójú tiwa, wọ́n jọra.

Ọ̀kan nínú wa ní, "Ìpàdé? Tíṣà, ìpàdé tí àwa ń fi obì kan ṣe?"

Òmíràn ní, "Bóyá obì oníwúrà ni wọ́n fẹ́ pa!"

Ẹ̀rín pa wá. Wò ó, ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ títí dòní ni pé ọgbọ́n ni a rò pé a ń lò. Ẹni kan á kó irú owó yẹn lé ìpàdé lórí? Ta ló máa gbà á gbọ́? Sìmẹ́ńtì ló jọ òótọ́.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ fi afárá yìí sílẹ̀ títí ẹ máa fi rí àpò kan ṣoṣo pẹ̀lú ojú yín."

Mo dá a lóhùn níṣojú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Ẹ̀yin ará Àkókó, orí òkè lẹ̀ ń gbé. Kí lẹ mọ̀ nípa odò?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó lọ. Kò ra iṣu lọ́jọ́ yẹn.

A fa ìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Mo ti ṣiṣẹ́ ayùn rí, nítorí náà èmi ni mo ní ká là wọ́n sí pákó, torí àwọn bíríkìlà máa nílò pákó tí wọ́n á fi mú kọ́ńkéré dúró. Ọjọ́ mẹ́rin la fi là wọ́n. Ìrókò yẹn ò tíì jẹrà rárá nínú, pupa ló ṣì wà. A kó pákó náà sí àká kòkó mi. A kó yanrìn jọ, a kó òkúta jọ. A ń retí.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. A ń wọ́ omi dé orúnkún. Kò burú. Ó dé ìbàdí. Àwọn obìnrin ń gbé ẹrù ọjà lérí, wọ́n ń ká ìró sókè, wọ́n ti ń wò mí lójú. Mo lọ bá télọ̀. Mo ní, "Sìmẹ́ńtì ìjọba yẹn, ibo ló dé?"

Ó ní, "Sìmẹ́ńtì wo?"

Mo ní èyí tí àlejò ń bọ̀ torí ẹ̀.

Ó dá ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó ní, "Àwọn àlejò yẹn ti dé, wọ́n ti lọ. Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti ya fọ́tò. Àfi àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n rà fún wọn ló kù." Ó wò mí dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

Mo ní kò sí. Mo jáde. Mo rìn dé etí odò. Mo jókòó sórí àpáta.

A ní ká tún ìtì mìíràn gé, ṣùgbọ́n ìrókò tó tó bẹ́ẹ̀ ò sí nítòsí mọ́, òjò ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè. Olórí abà ní ká fi sílẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn. Kò bá mi wí. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ó kàn jẹ́ pé Yèyé ò bá wa lọ sílé mọ́, torí orúnkún ẹ̀ ò lè gba omi.

Ìgbà iṣu tuntun ni àìsàn mú un. Ibà ni, ó wá di ikọ́. Ó ní kí n gbé òun lọ sílé. Òjò ti ń rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà yẹn. Mo ní, "Bí omi bá fà díẹ̀, Yèyé." Omi ò fà. Ó tún bi mí lọ́jọ́ kejì. Mo tún sọ bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta kò bi mí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Rántí o." Kò sọ èyí tí n máa rántí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀ ló kú.

A yìnbọn kí àwọn ará òdìkejì lè mọ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ sílé. A gé igi àràbà kan tó wà létí odò kó wó dábùú omi. Ó wó. Omi gbé e bí ẹni gbé igi ìdáná. Ọkùnrin méjì fi okùn so ara wọn, wọ́n wọ inú omi lọ wò ó, ọ̀kan nínú wọn rì, agbára káká la fi fà á padà. Olórí abà ní, "Ó tó. A ò ní fi ààyè méjì gbé òkú kan délé."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹbí wa láti Ọ̀wọ̀ ti dé òdìkejì. Mo rí wọn. Télọ̀ wà níbẹ̀. Tíṣà wà níbẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè. Wọ́n dúró lórí àpáta ọ̀hún, àwa lórí àpáta ìhín, ibi tí ìtì bàbá mi máa ń sùn sí. Wọ́n ń pariwo sí wa. Mò ń rí ẹnu wọn tó ń ṣí, tó ń pa dé. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Omi ló ń sọ̀rọ̀.

Odò ò dúró. Òkú náà ò sì lè dúró.

Kò sí pákó lábà wa láti fi kan pósí, àfi èyí tó wà ní àká mi. Èmi ni mo kàn án. Mo mọ pákó tó wá láti ara ìtì kejì, torí ojú igi kan wà lára ẹ̀ tí ẹsẹ̀ Yèyé ti tẹ̀ títí ó fi ń dán. Òun ni mo fi ṣe ìdérí. A sin ín sẹ́yìn ilé, níbi tó máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Àwọn ẹbí mi dúró sí òdìkejì omi títí a fi bò ó, wọ́n ń wo èéfín ilé wa.

Nígbà tí omi fà, tíṣà wá. Mo rí i tó ń bọ̀, mo sì múra sílẹ̀ de ohun tó máa sọ. Ó tọ́ sí mi. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó sọ ọ́. Ó kí mi kú ara fẹ́ra kù. Ó jókòó, ó ní kí n fún òun lómi mu. Ó mu ún tán, ó gbé igbá kalẹ̀.

Ó ní, "Ìpàdé ni lóòótọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ sìmẹ́ńtì."

Mi ò sunkún nígbà tí Yèyé kú. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún.

A tẹ́ ìtì mìíràn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí ò nípọn tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kọ́ńkéré dé ibẹ̀. Ọ̀kadà ló ń sá lórí ẹ̀ báyìí. Àwọn kan nínú ẹbí ní ká hú Yèyé, ká gbé egungun ẹ̀ lọ sílé. Àwọn àgbà ní ẹni tó ti sùn, a kì í jí i. Ìyá rẹ ra sìmẹ́ńtì àpò méjì lọ́dún kan, ó ní òun fẹ́ fi ṣe ojú oórì ìyá àgbà. Mo ní kó gbé e padà. Ó rò pé ahun ni mò ń ṣe, ó bá mi bínú pẹ́. Sọ fún un pé kì í ṣe ahun.

Mo ṣèlérí fún Yèyé, mo sì bà á jẹ́ pẹ̀lú ẹnu ara mi. Mi ò lè tún un ṣe. Bàbá mi ò dá wà nílé, àwọn ẹbí yí i ká. Yèyé nìkan ló wà lóko, àárín igi kòkó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lára àwọn tó ń kọjá. Apá ọ̀tún oórì ẹ̀ ṣófo. Mo ti ro ibẹ̀, mo ti gbin pèrègún síbẹ̀ kí ẹ lè dá a mọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ mi sí. Kí ẹ má fi sìmẹ́ńtì bò wá.

Ó ti tó. Wá ka èyí tó o kọ sí mi létí, díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí mo sọ lo gbọ́.